Sí aṣojú kíláàsì tuntun: má fi orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ẹ̀sùn

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. O ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n dìbò yàn ọ́ ní aṣojú kíláàsì, pé oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, àti pé ohun tó ń dun àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ jù ni pé iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ kì í tètè padà sí wọn lọ́wọ́. O wá béèrè bí o ṣe lè kó èrò wọn jọ, bí o ṣe lè sọ ọ́ ní ìpàdé tí kò fi ní di ìjà, àti bóyá ipò yìí yóò pa ẹ̀kọ́ tìrẹ lára. Àwọn tó dá ọ lóhùn ṣáájú mi ní kí o ṣáà béèrè lọ́wọ́ wọn, kí o sì sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Ọdún méjì ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì ṣe ní ọdún àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi kì í gbà á.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kò le. Gba ọjọ́ ìpàdé lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka, béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá lọ́wọ́ aṣojú tó ṣáájú rẹ, kí o sì rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ wọ inú ètò ìpàdé kó tó pẹ́ jù. Ìwọ náà á ti mọ ìyẹn.

Ní sáà kejì ọdún àkọ́kọ́ mi, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tí a kọ fún ẹ̀kọ́ kan wà lọ́wọ́ olùkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. A ti kọ èkejì, a ti kọ ẹ̀kẹta, a kò sì mọ àṣìṣe tí a ṣe nínú ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Inú ń bí gbogbo wa, ṣùgbọ́n tèmi ló le jù, nítorí èmi ni wọ́n ń pè lóru. Mo ṣí ojú ewé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, àti bí ìdádúró náà ṣe ń pa á lára. Lójú tèmi, orúkọ ni yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúwo. Bí ènìyàn 31 bá fọwọ́ sí i, ta ni yóò pè é ní àhesọ? Lára àwọn tó kọ ọ́ ni ọmọbìnrin kan tó ṣàlàyé pé àìsàn dá òun dúbúlẹ̀ nínú sáà náà, ó sọ irú àìsàn tó jẹ́, ó sì ní bí òun kò bá rí àtúnṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun kò mọ ibi tí òun yóò ti mú ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe kọ ọ́ nínú ìwé tí mo tẹ̀ jáde, nítorí mo rò pé yóò ṣe àwọn olùkọ́ náà láàánú pẹ̀lú.

Òṣìṣẹ́ tó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi fi dá mi lójú pé olórí ẹ̀ka nìkan ni yóò rí i. Ní ọjọ́ kẹta, olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kò pariwo, wọn kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ka ohun tí oníkálukú kọ, tí wọ́n sì ń béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tí wọ́n dé orí ọmọbìnrin yẹn, wọ́n ka àìsàn rẹ̀ sí etí gbogbo wa. Kò dáhùn. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde, èmi tí mo jókòó sí ìlà iwájú kò sì lè bojú wẹ̀yìn. Títí a fi parí ẹ̀kọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, n kò sì dá a lẹ́bi. Àwọn kan nínú àwọn 31 náà lọ bá olùkọ́ ní kọ̀rọ̀, wọ́n ní èmi ni mo fi dandan mú wọn kọ orúkọ. Ẹ̀rù ìdánwò ló ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ìpàdé wá dé. Mo sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, alága mi orí, wọ́n ní, “A ti gbọ́, a ó ṣiṣẹ́ lé e lórí.” Mo kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ́gun. N kò kọ ohunkóhun sílẹ̀, nítorí mo rí akọ̀wé tó ń kọ̀wé. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ìpàdé yóò fi jáde, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe gbogbo ohun tí mo sọ: “Aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ dídá iṣẹ́ padà.” Kò sí ẹni tí yóò ṣe é, kò sí ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Alága wo ìwé iwájú wọn, wọ́n ní àwọn kò rí ìlérí kankan níbẹ̀. Òótọ́ sì ni, kò sí níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ìjójúlówó ẹ̀kọ́, ẹni tí orúkọ oyè wọn gùn ju iṣẹ́ tí mo rí wọn ṣe lọ, tún fi kún un pé fọ́ọ̀mù ìparí sáà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ èrò wọn nípa ẹ̀kọ́, kò fi hàn pé wàhálà kankan wà. Ènìyàn 11 ló kọ fọ́ọ̀mù yẹn nínú wa, nítorí pé ìgbà tí ẹ̀kọ́ ti parí ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tí àtúnṣe kò lè ran ẹni tó kọ ọ́ lọ́wọ́ mọ́. Ta ni yóò kọ ọ́?

Mo gùn lórí èyí nítorí pé níbẹ̀ ni ìdáhùn rẹ wà. Àṣìṣe méjì ni mo ṣe: mo kó orúkọ jọ nígbà tó yẹ kí n ka iye, mo sì fi kíkọ sílẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà ní kíkọ.

Ní ọdún kejì, ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo máa ń fi ránṣẹ́, láìbéèrè orúkọ tàbí nọ́ńbà: kí ló ń lọ dáadáa nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí ló ń dí ọ lọ́wọ́, kí ni o fẹ́ kí wọ́n yí padà kí sáà yìí tó parí? Má yọ ìbéèrè àkọ́kọ́ kúrò. Olùkọ́ tó bá gbọ́ pé ohun kan dára nínú iṣẹ́ òun á lè gbọ́ èyí tí kò dára láìfa ojú ro, ìwọ náà á sì mọ ohun tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Nígbà tí o bá ń kọ èsì sílẹ̀, fi ẹnu ara rẹ tún gbogbo rẹ̀ sọ. Bí kíláàsì bá kéré, ọ̀nà tí ènìyàn gbà ń kọ̀wé nìkan tó láti fi dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà, wá ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ, kí o wo iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ pé iṣẹ́ yóò fi padà. Bó bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ ti kúrò ní àròyé, ó ti di àdéhùn tí wọn kò mú ṣẹ. O lè wá sọ báyìí pé: “Akẹ́kọ̀ọ́ 54 nínú 84 ló dáhùn, 47 nínú wọn ní iṣẹ́ kejì kò tíì padà, ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìwé ìlànà sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó padà ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìdánwò.” Kò sí orúkọ olùkọ́ níbẹ̀, kò sí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ìbínú. Iye tí mo mú wá ní ọdún kejì nìyẹn, iṣẹ́ náà sì padà. Kó tó di ọjọ́ ìpàdé, mo ti lọ bá olùkọ́ náà ní ọ́fíìsì wọn, mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ yìí yóò wáyé. Àgbàlagbà kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun lójijì níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé tó ṣú, fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí alága àti akọ̀wé: ẹ ṣeun fún ìpàdé àná, ohun tí mo gbọ́ pé a fẹnu kò sí nìyí, ẹni tí yóò ṣe é nìyí, ọjọ́ tó dá nìyí, bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe fún mi. Ìmeèlì ìlà márùn-ún yìí ṣe fún mi ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Wọn yóò pè ọ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn aṣojú. Lọ, nítorí wọn yóò kọ orúkọ ẹni tó wá, ṣùgbọ́n má retí púpọ̀. Ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fi bá wa sọ̀rọ̀ nípa ànímọ́ aṣáájú rere. Kò sí ẹni tó kọ́ wa bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tàbí ohun tí a lè ṣe bó bá yàtọ̀ sí ohun tí a sọ. Níbẹ̀ ni ẹnì kan tún ti sọ pé oore ni fásitì ń ṣe fún wa tí wọ́n fi jẹ́ kí a jókòó sí ìgbìmọ̀. Ó bí mi nínú débi pé mo lọ kàwé nípa rẹ̀. Mo rí i pé ní Bologna nílẹ̀ Ítálì, ní ayé àtijọ́, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, wọ́n sì máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ olùkọ́ tó bá pẹ́ dé. Òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn fásitì ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1889 fún ìgbìmọ̀ aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ ní ipò tirẹ̀. Ní ọdún 1918, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Córdoba ní Argentina dìde, ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣàkóso fásitì. N kò ní kí o ka ìtàn yìí sí wọn létí, nítorí mo kà á, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí o bá mọ̀ pé ìjókòó yẹn kì í ṣe oore ẹnikẹ́ni, ohùn rẹ kò ní gbọ̀n.

Má gba owó kankan lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ, ìbáà jẹ́ ti ìwé tàbí ti ẹ̀bùn fún olùkọ́. Má sì di ìránṣẹ́ olùkọ́ tó ń fi ọ́ ránṣẹ́ pé kíláàsì òní kò ní wáyé mọ́. Bí ìròyìn náà bá ṣìnà, ìwọ ni wọn yóò bú. Ní kí wọ́n fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì fúnra wọn. Ẹni tó bá gbé ìṣòro ara rẹ̀ nìkan wá, bí àìsàn, ọ̀fọ̀ tàbí máàkì tó rò pé wọ́n ṣì, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìgbìmọ̀ rárá. Bá a kẹ́dùn, fi ibi tó yẹ kó lọ hàn án, kí o sì gbé ẹnu dákẹ́. Ká ní mo mọ èyí nígbà náà, ọmọbìnrin yẹn ìbá ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ìbá ti gbọ́. Bí ìwọ fúnra rẹ bá ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú olùkọ́ kan, jẹ́ kí igbákejì rẹ sọ ti ẹ̀kọ́ náà. Bí o kò bá ní igbákejì, wá ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun mìíràn ni pé àwọn tó ń pariwo nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kọ́ ni kíláàsì. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ wá, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ, àwọn tó máa ń jókòó sẹ́yìn tí wọn kì í sọ̀rọ̀, èsì wọn máa ń yàtọ̀. Ní tiwa, àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ bìkítà nípa ìdápadà iṣẹ́. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ni pé wọ́n ń yí àkókò ẹ̀kọ́ padà lójijì, n kò sì béèrè lọ́wọ́ wọn ní odindi ọdún kan.

O béèrè bóyá yóò pa ẹ̀kọ́ rẹ lára. Ó pa tèmi lára ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí pé gbogbo òru ni mo fi ń dá ènìyàn lóhùn. Ní ọdún kejì, mo sọ fún wọn pé irọ̀lẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú ni mo máa ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ mọ́ ipò náà. Wọ́n kùn fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó mọ́ wọn lára.

Fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, fún wọn ní ọjọ́ márùn-ún, kí o sì kọ̀wé sí akọ̀wé ẹ̀ka lọ́la pé o fẹ́ kí ìdápadà iṣẹ́ wà nínú ètò ìpàdé. Bí wọ́n bá ní ètò ti kún, ní kí wọ́n fi sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n fi ìwé kékeré tí iye náà wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n so ó mọ́ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà.