Ọmọ mi ní orin Jésù ni, etí mi ní ariwo ni

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Houston ni mo wà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ń kọ́ gìtá. Olùkọ́ rẹ̀ wá yá a ní àwo orin kan, Reborn, tí ẹgbẹ́ Stryper ṣe. Láti ọjọ́ náà, ilé mi ò rójú mọ́. Gìtá ń ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó. Mo ní kó pa á, ó ní, "Mummy, orin Jésù ni." Mo wá wo àwọn àwo wọn yòókù lórí fóònù, mo rí ọ̀kan tó ń jẹ́ To Hell with the Devil. Àyà mi já. Ọkùnrin onírun gígùn, wọ́n tún kun ojú! Bàbá rẹ̀ ní kí n fi ọmọ sílẹ̀. Ṣé kí n dá olùkọ́ yẹn dúró ni?

*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì dá a dúró. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí níbí ní Baltimore. Mo gba fóònù ọmọ mi obìnrin, mo pa gbogbo orin tí kò yé mi rẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé orin ìgbàgbọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò bá mi jà o. Ó kàn jẹ́ pé títí di òní, kò sọ irú orin tó ń gbọ́ fún mi mọ́.

Àkọlé tó já yín láyà yẹn, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Pé kí Sàtánì máa gba ọ̀run àpáàdì lọ. Ṣé kì í ṣe ohun tí àwa náà ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ sọ ní ìsọ́ òru nìyẹn? Ọdún 1986 ni àwo náà jáde, ó sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ ní Amẹ́ríkà.

Ọmọ California ni ẹgbẹ́ Stryper yìí, onígbàgbọ́ tó ń kọ orin rọ́ọ̀kì líle ni wọ́n. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Michael Sweet tó ń kọrin àti Robert Sweet tó ń lùlù. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó di Stryper ní 1983, ibi tí wọ́n sì ti mú un ni Aísáyà 53:5, "nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa lára dá." Nínú Bíbélì tiwa, ìnà ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà, stripes, ni fún ojú ẹgba àti ìlà ara aṣọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ aṣọ onílà dúdú àti yẹ́lò. Tí wọ́n bá ń ṣeré, wọn a máa ju Májẹ̀mú Tuntun sáàárín èrò. Àwọn oníwàásù kan bínú sí wọn nítorí ẹ̀, Jimmy Swaggart wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí ni pé wọ́n ṣubú. Ní 1990, wọ́n ṣe Against the Law, wọ́n bọ́ aṣọ onílà, ẹ sì máa wá orúkọ Ọlọ́run tì nínú ọ̀rọ̀ orin yẹn. Michael fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọtí ti wọ ọ̀rọ̀ àwọn lásìkò náà. Ó kúrò ní 1992, ẹgbẹ́ sì tú ká. Àfi 2005 kí wọ́n tó tún gbé àwo tuntun jáde, Reborn tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín nìyẹn. Ọdún 15! Ẹni tó ti kúrò nílé bẹ́ẹ̀, tó wá padà dé, kò lè máa kọrin bí ọmọdé. Ohùn gìtá rẹ̀ wúwo, ó dúdú ju ti àtijọ́ lọ (èmi ò fẹ́ràn gbogbo ẹ̀, kí n má purọ́), ṣùgbọ́n kò fi Jésù pamọ́. Ẹ gbọ́ 10,000 Years. Ara Amazing Grace ni wọ́n ti fà á yọ.

Ní ti ariwo, wọ́n ti fi ìyẹn bá àwa náà jà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn àgbà ìjọ wa ò jẹ́ kí dùndún wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìlù òrìṣà ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó gba orin ẹ̀mí 43 sílẹ̀ sínú àwo. Ohùn Yorùbá ló fi kọ ọ́, torí ohùn òyìnbó máa ń ba ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa jẹ́.

Ẹ ra ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń fi sétí fún un, kí ilé lè rójú. Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ bá jọ ń lọ sọ́jà, ẹ ní kó yan orin mẹ́ta nínú mọ́tò, kó sì máa sọ ohun tí wọ́n ń wí fún yín. Ẹ má wàásù. Ẹ kàn máa bi í ní ìbéèrè.

Kí n tètè kì yín nílọ̀: wọ́n ní àwo kan ní 2018 tó ń jẹ́ God Damn Evil. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kí ẹ tó pariwo. Ibi ni wọ́n ní kí Ọlọ́run fi gégùn-ún. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ̀, èmi náà á kọ̀.