Ìdí tí àwòrán HDR fi ń ṣókùnkùn ní pálọ̀ lọ́sàn-án

Àbúrò mi, o ní tẹlifíṣọ̀n HDR (irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn àwòrán rẹ̀ jìnnà síra ju ti àtijọ́ lọ) tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sí ilé yín ní Bódìjà, tí wọ́n kọ 1,000 nit, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, sí ara páálí rẹ̀, ṣókùnkùn ju ti àtijọ́ lọ, o sì béèrè bóyá kí o dá a padà. Má tíì dá a padà. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí.

Fídíò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ HDR, mo fi aṣọ dúdú bo fèrèsé yàrá iṣẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá, mo sì jókòó sínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo ń tún ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà ṣe lálaalẹ́. Gbogbo nǹkan ló hàn sí mi níbẹ̀: bí wọ́n ṣe wé gèlè ìyá ìyàwó, ọnà ara aṣọ òfì, ojú àwọn àgbà tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà. N kò mọ̀ pé ojú tó bá ti wà nínú òkùnkùn fún ìdajì wákàtí ti di ojú mìíràn. Mo gbé e lọ fún àwọn tó ni í ní Òkè-Àdó ní agogo méjìlá ọ̀sán, tí fèrèsé mẹ́rin ṣí sílẹ̀, tí oòrùn sì ń ràn sórí ògiri funfun. Yàtọ̀ sí dídán ìlẹ̀kẹ̀, a kò rí nǹkan kan. Àwọn àgbà abẹ́ àtíbàbà ti di òjìji. Bàbá ìyàwó kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé òru la gbé ìyàwó yìí ni?" Mo dá ìdajì owó wọn padà, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ẹni tó ta mọ́nítọ̀ fún mi, tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀, ti fi dá mi lójú pé 1,000 nit yóò mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ju 100 lọ. Lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í kà á bẹ́ẹ̀. Ìlànà PQ, tí HDR fi ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ìpele, tí SMPTE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, tẹ̀ jáde ní 2014 ní orúkọ ST 2084, lè gba ìmọ́lẹ̀ títí dé 10,000 nit, síbẹ̀ nǹkan bí ìdajì gbogbo ìpele inú rẹ̀ ti tán kí ó tó dé 100, nítorí pé níbi tó ṣókùnkùn ni ojú wa ti ń mọ ìyàtọ̀ kékeré jù. Láti 100 dé 1,000 kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àwọn tó ń fi nọ́ńbà orí páálí tajà: ibi kékeré lójú tẹlifíṣọ̀n, bí ọwọ́ iná àbẹ́là tàbí oòrùn lára irin, ni 1,000 náà wà fún. Ìwé BT.2408 ti ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, fi nǹkan funfun lásán sí 203 nit. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yín, tí ẹ ti gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè pátápátá, lè ju ìyẹn lọ dáadáa.

Oòrùn pálọ̀ tún ń bọ́ sórí gíláàsì, ó ń sọ dúdú di àwọ̀ eérú.

Má sì jẹ́ kí oníṣẹ́ tó wá gbé e kọ́ ògiri fọwọ́ kan ètò àwòrán. Èyí tó wá sọ́dọ̀ mi gbé e sí Vivid, ètò tó ń mú kí àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, ó ní ó ń tàn. Gbogbo ojú iṣẹ́ léèsì funfun parẹ́, ó sì gba owó lọ́wọ́ mi.

Fa aṣọ fèrèsé, pa ètò tó ń dín iná kù, kí o sì tún un wò lálẹ́ lẹ́yìn tí o bá ti jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ṣì ṣókùnkùn nígbà náà, mú rìsíìtì rẹ dání kí o gbé e padà.