Mọ́tò wo ló lè fa ọkọ̀ onígbòkun? Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé ń fi ọkọ̀ onígbòkun kan ránṣẹ́ sí wa. Ó gùn tó mítà mẹ́fà, ó sì ní rẹmọ́ọ̀kì tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ táyà tí a fi ń gbé e tẹ̀ lé mọ́tò. Ìwé ọkọ̀ náà ní kílò 850 ni. A fẹ́ máa fà á láti ilé lọ sí etí ọ̀sà, a ó sì máa gbé e dé Kútọnu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Corolla ni mo ń gùn báyìí. Àwọn kan ní kí n ra RAV4, àwọn mìíràn ní Hilux ni kí n rà. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwúwo ẹrù yín ná. Ìwé àwọn tó kan ọkọ̀ kì í parọ́, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ tán. Kílò 850 yẹn, ọkọ̀ òfìfo ni. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin mẹ́jọ máa ń tó kílò 45. Epo bẹntiróòlù lítà 25 tó kílò 19, omi mímu lítà 40 sì jẹ́ kílò 40 gééré. Ìdákọ̀ró àti ṣéènì rẹ̀, kílò 20; bátìrì, kílò 20; ìgbòkun, okùn, tìmùtìmù àti ẹ̀wù ìléfòó, kílò 60. Rẹmọ́ọ̀kì tó lè gbé gbogbo èyí náà á tó kílò 300. Ẹ ro ó pọ̀, ó ti lé ní 1,350. Bó bá jẹ́ irú ọkọ̀ tí wọ́n ń rọ omi sí ikùn rẹ̀ kó má bàa dojú dé, ẹ rí i pé omi náà ti dà nù tán kó tó bọ́ sójú títì, torí ó lè ju kílò 500 lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ìdánilójú, ẹ yá mọ́tò ńlá, kí ẹ fà á lọ sórí òṣùwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn kámíọ̀n. Ẹ wọn méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn náà ẹ tú rẹmọ́ọ̀kì sílẹ̀, kí ẹ wọn mọ́tò nìkan. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ìwúwo ẹrù yín.

Nísinsìnyí, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta mọ́tò, kí ẹ sì ní kó ṣí ilẹ̀kùn. Lára òpó ilẹ̀kùn, tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, pátákó kékeré kan wà tí nọ́ńbà ṣásíìsì wà lórí rẹ̀. Lórí mọ́tò tó ti Yúróòpù wá, ìlà kílò mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èkíní ni ìwúwo tí mọ́tò kò gbọ́dọ̀ kọjá pẹ̀lú èrò àti ẹrù inú rẹ̀. Èkejì ni ti mọ́tò àti rẹmọ́ọ̀kì pa pọ̀. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ yọ èkíní kúrò nínú èkejì: bó bá jẹ́ 2,810 àti 5,060, kílò 2,250 ló lè fà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá kún. Bí ìlà kejì bá ṣófo tàbí tó jẹ́ òdo, wọn kò ṣe mọ́tò yẹn fún fífà, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí. Bí ìwé mọ́tò láti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wo O.1, èyí tí í ṣe ti rẹmọ́ọ̀kì tó ní bíréèkì, àti O.2, ti èyí tí kò ní. Lórí carte grise, ìyẹn ìwé mọ́tò ti Faransé, F.3 ni àpapọ̀ mọ́tò àti rẹmọ́ọ̀kì.

Ẹ má ra mọ́tò tí ẹrù yín á gba gbogbo agbára rẹ̀. Kí ẹrù má ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí pátákó yẹn gbà lọ. Fún kílò 1,350, ẹ wá mọ́tò tó lè fa nǹkan bí 1,700. Corolla ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti Yúróòpù kì í kọjá 1,300, wọn kì í sì gbà ju 450 lọ bí rẹmọ́ọ̀kì kò bá ní bíréèkì. RAV4 oní-dísù tó jẹ́ 4x4 (tí ẹ́ńjìnnì lè fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà) lè tó 2,000. Oní-bẹntiróòlù sábà máa ń wà ní nǹkan bí 1,500. Hilux sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 2,250, ó sì ń lọ dé 3,500 gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n ṣe é.

Lójú títì láàárín Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, RAV4 oní-dísù á ṣe é. Etí omi ni wàhálà wà. Etí ọ̀sà wa tẹ́jú, ó sì ní ẹrẹ̀, omi rẹ̀ kò sì jìn, nítorí náà rẹmọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wọlé jìnnà kí ọkọ̀ tó léfòó. Nígbà tí ẹ bá ń fà á jáde, ẹrù á tẹ ẹ̀yìn mọ́tò mọ́lẹ̀, iwájú á sì fúyẹ́. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ló ń wa mọ́tò, táyà á máa yí lásán, á sì máa gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ 4x4 kékeré kì í gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọlé àfi tí iwájú bá ti ń yọ̀, bí ìyẹn bá sì pẹ́, á gbóná, á sì jáwọ́. Hilux tàbí Mitsubishi L200 tó ní gíà kékeré (4L) á rọra wọ́ ọ jáde láìtẹ epo púpọ̀. Hilux 4x2 (tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń wà) kò burú, àmọ́ bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, ẹ di àpò yanrìn oníkílò 50 méjì tàbí mẹ́ta sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ sì kà wọ́n mọ́ ẹrù mọ́tò. Ní tiwa, Hilux oní-dísù tó jẹ́ 4x4, tí gíà rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́, la ó mú. Ẹni tó bá ń ra dísù inú ìgò lẹ́bàá títì, kó wá èyí tó ti pẹ́ díẹ̀, torí ìnjẹ́ẹ̀tọ̀ àwọn tuntun kò lè gba ìdọ̀tí rárá.

Bí ilẹ̀ bá rọ̀ jù, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Ẹ fi bẹ́líìtì ìfàmọ́tò tó lè gbà tó tọ́ọ̀nù márùn-ún so ó mọ́ rẹmọ́ọ̀kì, kí ẹ sì tẹ́ pátákó sábẹ́ táyà rẹmọ́ọ̀kì. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ìlà bẹ́líìtì náà, torí bó bá já, ó lè ṣe èèyàn léṣe gidi. Ẹ tún ní gẹdú méjì lọ́wọ́ láti fi dí táyà mọ́tò, torí bíréèkì ọwọ́ sábà máa ń di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan mú, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń wà lórí ẹrẹ̀ bí mọ́tò bá dé etí omi.

Ìbéèrè láti Kétu: Pathfinder tó ti Amẹ́ríkà wá ni mo rà. Bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn rẹ̀ wọ orí rẹmọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ó ń pariwo gbọ̀n-gbọ̀n bí mo bá wọ kòtò. Wẹ́dà ní kí n fi irin kún un.

Ìdáhùn: Kí wẹ́dà má fọwọ́ kàn án o! Ẹ nu orí bọ́ọ̀lù náà, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50. Ti Amẹ́ríkà tó kéré jẹ́ 47.6, ó dà bíi pé òun ni tiyín. Ó lè jáde lórí ihò kan ṣoṣo. Èyí tó tẹ̀ lé e, 50.8, kò ṣe é gbára lé: orí rẹmọ́ọ̀kì Yúróòpù lè jókòó lé e láìtì. Ẹ ra bọ́ọ̀lù 50 tó ní ìdí tirẹ̀, èyí tó wọ inú ihò onígun mẹ́rin ẹ̀yìn Pathfinder. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó, ẹ yí táyà kékeré iwájú rẹmọ́ọ̀kì sísàlẹ̀ títí tí ẹ̀yìn mọ́tò yóò fi gbéra díẹ̀. Bó bá bá a gbéra, ó ti tì. Ẹ wá fi ṣéènì méjì so ó, kí wọ́n kọjá lára ara wọn lábẹ́ orí rẹmọ́ọ̀kì, kó lè balẹ̀ lé wọn bó bá yọ.

Iná ńkọ́? Lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà, iná bíréèkì àti iná tí a fi ń yà wà lórí wáyà kan náà. Ti rẹmọ́ọ̀kì Yúróòpù yàtọ̀ síra. Ẹ ní kí oníná mọ́tò fi àpótí ìyípadà sáàárín wọn, kó má kàn lẹ wáyà mọ́ wáyà.

Ìbéèrè láti Ṣábẹ̀ẹ́: A fẹ́ fa ọkọ̀ wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Prado ọtomátíìkì ni mọ́tò wa. Kí ló lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà?

Ìdáhùn: Ọ́ìlì gíà ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Bí mọ́tò yín bá ní ọ̀pá tí a fi ń wò ó, ẹ fà á jáde, kí ẹ wo ọ́ìlì náà, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bó bá pupa tó sì mọ́, ẹ máa lọ. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó sì ń rùn bí ohun tó jó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná, kí ẹ sì fi rédíétọ̀ kékeré kún un fún ọ́ìlì gíà. Lórí òkè, ẹ má jẹ́ kí gíà máa lọ, máa bọ̀. Ẹ fi í sórí èyí tó rẹlẹ̀, kí ẹ má sá ju 80 lọ.

Ẹ wọn ẹrù tó tẹ bọ́ọ̀lù. Ẹ gbé òṣùwọ̀n ilé sábẹ́ orí rẹmọ́ọ̀kì, kí ẹ fi igi gbé e dé gíga bọ́ọ̀lù. Fún kílò 1,350, ẹ wá nǹkan bí 70 sí 95, láìkọjá ohun tí wọ́n kọ sára irin ìsorù. Bó bá fúyẹ́ jù, rẹmọ́ọ̀kì á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí kámíọ̀n bá kọjá lára yín. Bí èyí bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì gidigidi, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, kí ẹ di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú ṣinṣin. Bó bá wúwo jù, ẹ̀yìn mọ́tò á jókòó, ìtọ́kọ̀ á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Gbígbé ìdákọ̀ró àti bátìrì síwájú tàbí sẹ́yìn sábà máa ń tún un ṣe.

Lára táyà rẹmọ́ọ̀kì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT àti nọ́ńbà sí. Nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn, bíi 2319, túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ má fi gun ọ̀nà jíjìn, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró, ẹ fọwọ́ kan àárín táyà. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára, bí kò bá ṣe é fọwọ́ kàn, bẹ́rìn ti fẹ́ kú. Ẹ mú bẹ́rìn méjì, rọ́bà wọn, gírísì àti táyà àpojù dání. Nígbà tí ẹ bá dé etí ọ̀sà, ẹ má ti rẹmọ́ọ̀kì gbígbóná sínú omi. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tutù lójijì, á fa omi wọlé kọjá rọ́bà, gírísì á sì funfun bíi wàrà. Ẹ fún un ní ìdajì wákàtí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọ̀sà máa ń ní iyọ̀. Bí ẹ bá ti fà á jáde, ẹ fi omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ fọ táyà, irin àti bíréèkì rẹmọ́ọ̀kì kó tó gbẹ.