Mo pe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ní òmùgọ̀ lẹ́nu ààwẹ̀: ṣé kí n san ààwẹ̀ náà padà?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù àlékúmù, Alfa wa. Aránṣọ ni mí ní Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́ níbí. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ ọdún ti wọ̀ wá lọ́rùn, ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi bá gé léèsì oníbàárà. Ọwọ́ ọ̀tún ló gé apá méjèèjì sí. Léèsì ọ̀hún ò sì ṣẹ́ kù mọ́. Mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé, "Òmùgọ̀! Ọmọ òpònú!" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, òun ò fèsì. Nígbà tí Mọ̀gàríbà tó, òun náà ló tún bu omi ìṣínu wá fún mi, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Ṣé ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́? Ọkọ mi ní kò sí nǹkan níbẹ̀, pé Kùránì pàápàá pe àwọn kan ní òmùgọ̀. Aládùúgbò mi tó jẹ́ onígbàgbọ́ ní nínú Bíbélì tiwọn, iná ń bẹ fún ẹni tó bá pe arákùnrin rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àti pé, ṣé mo lè ní kí ọmọ náà san owó léèsì?

ÌDÁHÙN: Wa alékúmù sàláámù, ìyá wa. Ẹ ò ní ààwẹ̀ kankan láti san. Lójú mázíhàbù Máálíkì, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yorùbá, àti lójú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀, èébú kì í já ààwẹ̀ bí oúnjẹ ṣe ń já a. Ibn Hazm, onímọ̀ àtijọ́ kan ará Andalus, ní ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ dá ń bà á jẹ́ pátápátá, àmọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ́ la mú lò. Láádá ààwẹ̀ náà ni èébú ń gbé lọ. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a, sọ nínú hàdíìsì tí Bukhari gbà wá pé ẹni tí kò bá fi ọ̀rọ̀ èké àti ìṣe rẹ̀ sílẹ̀, Ọlọ́hun ò ní bùkátà sí pé kó fi oúnjẹ àti omi rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Òótọ́ ló sọ, kò kàn ka ibẹ̀ parí ni. Nínú Súrà Baqarah, ní āyà 13, ẹnu àwọn munááfíkì ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde: nígbà tí a sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe gbàgbọ́, wọ́n dáhùn pé ṣé kí àwọn gbàgbọ́ bí àwọn òmùgọ̀ ṣe gbàgbọ́ ni? Ọlọ́hun wá dá a padà sí wọn lórí. Ọlọ́hun mọ inú ẹ̀dá, èmi àti ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Kí ó sì tún wo Súrà Nisáà, āyà 5. Níbẹ̀, wọ́n ní kí á má kó dúkìá lé àwọn aláìlóye lọ́wọ́, wọ́n ní kí á bọ́ wọn, kí á wọ̀ wọ́n láṣọ, kí á sì máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ dáadáa. Bó ṣe yẹ kí á bá ẹni tí òye rẹ̀ ò tó sọ̀rọ̀ nìyẹn o.

Ti aládùúgbò yín, ìwé Mátíù ló ti rí i. Tiwa náà ò fẹ́rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: Bukhari àti Muslim gbà á wá pé bíbú Mùsùlùmí jẹ́ ìwà pòkíì, ìyẹn ìwà ẹni tó ń rú òfin Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n èyí tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni "ọmọ òpònú." Ìyá ọmọ yẹn, níbi tó jókòó sí jẹ́ẹ́, kí ló mọ̀ nípa léèsì? Abu Dharr, tó jẹ́ sàábé Ànábì, bú ọkùnrin kan rí, ó sì fi ìyá rẹ̀ kún un. Ànábì bi í pé, "O fi ìyá rẹ̀ bú u?" ó sì sọ fún un pé ìwà àwọn ará ìgbà àìmọ̀kan, kí Ìsìláàmù tó dé, ṣì wà lára rẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà ló fi kún un pé ọmọ ìyá yín ni àwọn tó ń sìn yín, Ọlọ́hun ló fi wọ́n sábẹ́ ọwọ́ yín. Kí ẹ fún wọn jẹ nínú ohun tí ẹ̀ ń jẹ, kí ẹ má ṣe gbé ohun tó ju agbára wọn lọ lé wọn lórí, bí ẹ bá sì gbé e, kí ẹ bá wọn gbé e. Inú hàdíìsì kan ṣoṣo ni èébú ìyá àti ẹ̀tọ́ ọmọ abẹ́ ẹni ti pàdé yìí. Mi ò mọ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tí kò kàn.

Ẹ máa gbọ́ pé ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Mo gbà. Ìbáwí ni òwe yẹn ń sọ, irú bíi kí ẹ ní: "O ò pa ọwọ́ méjèèjì kọjú síra kó o tó gé e." Ọmọ tó gbọ́ ìyẹn ti kọ́ṣẹ́. Èwo ni èyí tó gbọ́ lẹ́nu yín fi kọ́? Anas, sàábé Ànábì mìíràn, ṣì kéré nígbà tí wọ́n fà á lé Ànábì lọ́wọ́, ọdún 10 ló fi sìn ín, ó sì ní Ànábì ò pòṣé sí òun rí. Ṣé Anas ò wá ba nǹkan kan jẹ́ rí ní gbogbo ọdún yẹn ni?

Nítorí náà, túúbá sọ́dọ̀ Ọlọ́hun nìkan ò tó, torí ẹ̀tọ́ ẹ̀dá wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Iwájú àwọn tó rẹ́rìn-ín ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́, torí iwájú wọn lẹ ti bú u. Wọ́n á ní ọ̀gá kì í bẹ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Kò pọn dandan kó gùn: "Mo ṣì sọ ni, má bínú, bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ" ti tó.

Owó léèsì ńkọ́? Ẹ̀yin ni oníbàárà gbé aṣọ fún, kò mọ ọmọ yẹn rí. Ọrùn yín ló wà. Ẹ̀yin náà ló yẹ kí ẹ ti wo ojú ṣọ́ọ̀kì kó tó ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Kí ẹ̀yin àti oníbàárà jọ wá irú rẹ̀ dé Ọjà Ọba. Bí kò bá sí, ẹ san iye tó bá yín ṣàdéhùn sí. Ọmọ tí ẹ kì í san owó oṣù fún, ibo ló ti fẹ́ rówó léèsì?

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.