Kí Ni Kí N Yọ Kúrò Lára Ọkọ̀ Mi?

Lẹ́tà tí ẹ kọ lórí ọkọ̀ tó wúwo ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, àwọn nìkan ni n ó sì dáhùn lóṣù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ gíá àti bátìrì, ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọmọ ọdún 23 ni mí. Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mo ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé bí mo bá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, á máa sáré, epo tó ń jẹ á sì dínkù. Mo fẹ́ yọ ìjókòó ẹ̀yìn, sípíà táyà, éésì, ìbòrí inú ilẹ̀kùn, àti irin tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?

Èsì: Ọmọ mi, ẹni tó sọ fún ọ kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Mú bírò.

Ká ní ìwọ̀n ọkọ̀ rẹ jẹ́ 1,200 kílò, kí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ ẹṣin 100 (ẹṣin, ìyẹn horsepower, ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì). Ẹṣin kan ń fa kílò 12 nìyẹn. Ká tún ní gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yẹn, tí o bá tú u tán, jẹ́ 60 kílò. Ẹṣin kan á wá máa fa kílò 11.4. Bí ọkọ̀ náà bá ń lo ìṣẹ́jú àáyá 12 láti orí ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí, á máa lo nǹkan bí 11.4. Aago á rí ìyàtọ̀ yẹn. Ìwọ fúnra rẹ lè má rí i, àfi tí ọkàn rẹ bá ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé òun máa rí i. Ní ti òpin eré tí ọkọ̀ lè sá, má retí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í sì í béèrè iye kílò.

Epo ńkọ́? Ìmọ̀ràn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gba àwọn awakọ̀ wọn ni pé bí ènìyàn bá kó 45 kílò kún ọkọ̀, ibi tí lítà epo kan lè gbé e dé lè fi ìdá 1 nínú 100 dínkù. Fi wé tìrẹ. Bí ọkọ̀ rẹ bá ń jẹ lítà 8 ní 100 kìlómítà, 60 kílò tí o yọ á fún ọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà. Tí o bá rin 10,000 kìlómítà, o ti rí lítà 10 àti díẹ̀. Nítorí lítà 10 yẹn, èrò kò ní ríbi jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ mọ́.

Ibi tí ìwọ̀n ti ń jẹ epo gan-an ni ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró tó tún ń gbéra. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹ́ńjìnnì tó bá ń sọ ìdá kan nínú mẹ́rin agbára epo di ìrìn lè fi lítà kan gbé 100 kílò láti orí ìdúró dé 50 kìlómítà ní wákàtí ní nǹkan bí ìgbà 800. Ẹni tó ń rin ọ̀nà gbọọrọ kò ní dúró ìgbà 800 bọ̀rọ̀. Ọkọ̀ akérò tó ń já èrò láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀ kò ní pẹ́ kó tó pé e. Gbogbo ìgbà tó bá sì tẹ bíréèkì, agbára tó ti náwó epo lé lórí ti di ooru lára bíréèkì, kò sí bó ṣe lè gbà á padà. Nítorí náà, kí ó tó di pé o mú sípánà, bi ara rẹ léèrè pé irú ọ̀nà wo lò ń rìn.

Wàyí o, ká mú ohun tí o fẹ́ yọ. Irin ẹ̀yìn bọ́ńpà, má fọwọ́ kàn án. Òun ló ń gba ìkọlù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Irin tó dábùú inú ilẹ̀kùn náà ńkọ́, àti báàgì afẹ́fẹ́, àti bẹ́líìtì? O kò dárúkọ wọn, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkọ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ìbòrí ilẹ̀kùn kò wúwo tó ariwo rẹ̀, ó sì ń bo etí irin tó mú bí abẹ. Éésì, pa á nígbà tí o kò bá nílò rẹ̀. Epo tí ẹ́ńjìnnì ń lò láti yí i ju epo tí ìwọ̀n rẹ̀ ń jẹ lọ fíìfíì. Tí o bá fẹ́ yọ ọ́ dandan, ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa gáàsì inú rẹ̀ ni kí o gbé e lọ bá, kí ó má baà tú gáàsì náà sínú afẹ́fẹ́. Ìjókòó ẹ̀yìn, bí ìwọ nìkan bá ń wọ ọkọ̀ náà, tí òfin ibi tí o wà sì gbà á, mi ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ máa fúyẹ́. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní ẹ̀rọ tó ń pín ipá bíréèkì fúnra rẹ̀, táyà ẹ̀yìn lè tètè há nígbà tí o bá tẹ bíréèkì gidi lójú òjò, kí ìdí ọkọ̀ sì gbá lọ.

Àwọn olólùfẹ́ eré ìje ní ìtàn kan. Ní 1934, òfin ìdíje Grand Prix sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju 750 kílò lọ, láìka awakọ̀, epo, omi àti táyà. Wọ́n ní ọkọ̀ W25 ti Mercedes fi kílò kan ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Nürburgring ní Jámánì, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá fi òru họ ọ̀dà funfun ara rẹ̀ títí irin fi yọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di 750 géérégé. Àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí ẹ̀, èmi náà kò gbà á gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n ká ní òótọ́ tiẹ̀ ni, kílò kan lè lé àwọn yẹn kúrò nínú ìdíje. Ta ló fẹ́ lé ìwọ?

Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ fúyẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó yà á sórí ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Lotus, ilé iṣẹ́ tí Colin Chapman dá sílẹ̀, fi èyí ṣe orúkọ. Elise tí wọ́n gbé jáde ní 1996 wọ̀n tó nǹkan bíi 725 kílò, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì tó ẹṣin 120, síbẹ̀ ó ń fi ọkọ̀ tó lágbára jù ú lọ sílẹ̀. Bí ara ọkọ̀ bá fúyẹ́, bíréèkì kékeré á tó o. Bí bíréèkì bá kéré, sípíríǹgì náà á kéré, ẹ́ńjìnnì náà á sì kéré, ìwọ̀n ń fa ìwọ̀n lọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó ń yọ ìjókòó lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ tán, ìjókòó nìkan lo yọ.

Ohun tí mo ní kí o yọ lónìí ni ẹrù búùtù. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi, mo ti bá bátìrì tó ti kú nínú rẹ̀, jákì méjì, gálọ́ọ̀nù omi, rímù ọkọ̀ tí wọ́n ti tà, àti bíríkì tí ẹni tó ni ín kò lè ṣàlàyé. Fi sípíà táyà sílẹ̀ níbẹ̀. Kílò 15 tàbí 20 rẹ̀ kò tó ohun tí ìyà á fi jẹ ọ́ lóru.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń rin ìrìn àjò púpọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Mo ra àpótí ńlá kan tí mo dè mọ́ orí ọkọ̀. Aṣọ nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò wúwo rárá, àmọ́ epo tí ọkọ̀ ń mu ti kọjá àfaradà. Ṣé ẹ́ńjìnnì ló ti fẹ́ bàjẹ́?

Èsì: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Ẹ́ńjìnnì yín kò ṣẹ̀. Àpótí yẹn kò wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dúró gbagidi síwájú afẹ́fẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn ń di ìlọ́po mẹ́rin. Ìjọba Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà lókè sọ pé àpótí ńlá orí ọkọ̀ lè gba ìdá 2 sí 8 nínú 100 lọ́wọ́ ẹni tó ń rìn nínú ìlú, ìdá 6 sí 17 ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, àti ìdá 10 sí 25 bí eré bá wọ nǹkan bí 105 sí 120 kìlómítà ní wákàtí. Ẹ fi wé ìdá 1 tí 45 kílò ń gbà. Ẹ kó aṣọ náà sínú búùtù. Bí búùtù bá kún, ẹ wá àpótí tó ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Nígbà tí ẹ bá sì délé, ẹ tú irin tí àpótí ń jókòó lé náà kúrò, torí òun nìkan pàápàá ń já afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé ó dára kí n máa rọ epo ààbọ̀ táǹkì kí ọkọ̀ lè fúyẹ́?

Èsì: Rárá. Lítà epo kan kò tó kílò kan, nǹkan bíi gíráàmù 750 ni. Táǹkì onílítà 50 tó kún jẹ́ kílò 37, ààbọ̀ rẹ̀ kò pé 20. Èrè rẹ kò tó ìdá ààbọ̀ nínú 100, ọ̀nà ilé epo tí wàá máa lọ lẹ́ẹ̀mejì á sì jẹ ẹ́. Pọ́ǹpù epo tó wà nínú táǹkì náà, epo ló ń mú un tutù. Má jẹ́ kí táǹkì máa gbẹ.

Ìbéèrè: Bàbá, rímù irin 15 ni ọkọ̀ mi ń lò. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé rímù álúmíníọ̀mù 18 sí i, pé ó fúyẹ́, ọkọ̀ á sì máa fò.

Èsì: Ìbéèrè gidi nìyí, torí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọkọ̀ ju ìwọ̀n ibòmíràn lọ. Kílò tó wà nínú búùtù, ẹ́ńjìnnì kàn ń gbé e lọ síwájú ni. Kílò tó wà létí táyà, ó ń gbé e lọ síwájú, ó tún ń yí i, nítorí náà nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, kílò kan níbẹ̀ ń sún mọ́ méjì. Ṣọ́kù náà máa ń lè dá táyà padà sílẹ̀ kíá lójú kòtò bí ẹsẹ̀ bá fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé álúmíníọ̀mù 18 fúyẹ́ ju irin 15 lọ? Ọ̀pọ̀ ìgbà òun ló wúwo jù, torí ó tóbi, wọ́n sì dà á nípọn kó má baà fọ́. Táyà tó fẹ̀ tí wọ́n máa ń fi sí i tún wúwo, ó sì ń fẹ́ ipá púpọ̀ láti yí. Gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú táyà lára wọn kí o tó sanwó. Bí o bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúyẹ́, rímù 15 kan náà tí wọ́n fi álúmíníọ̀mù ṣe ni kí o wá, èyí tí ẹrù tó lè gbé bá ti ọkọ̀ rẹ mu. Kí o tó ná kọ́bọ̀ sí i, fẹ́ táyà rẹ dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Tí afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi psi kan dínkù (psi ni wọ́n fi ń wọn ipá afẹ́fẹ́ inú táyà), ìdá 0.2 nínú 100 epo ti lọ. Mo ti rí ọkọ̀ tó fi psi 10 dínkù tí ẹni tó ni ín ń wá rímù olówó ńlá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń lo álúmíníọ̀mù. Kí ló dé tí ọkọ̀ tuntun ṣì ń wúwo sí i?

Èsì: Òótọ́ ni méjèèjì. Audi gbé A8 tí férémù rẹ̀ jẹ́ álúmíníọ̀mù jáde ní 1994, nígbà tí Ford sì fi í ṣe ara ọkọ̀ akẹ́rù F-150 ti ọdún 2015, ìwọ̀n àwọn kan nínú wọn fi tó 317 kílò dínkù sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Golf, ọkọ̀ Volkswagen: ti 1974 sún mọ́ 800 kílò, ti ìsinsìnyí ti ju 1,200 lọ. Báàgì afẹ́fẹ́, irin ààbò, éésì, mọ́tò gíláàsì, gbogbo rẹ̀ ló wúwo, mi ò sì ní pààrọ̀ rẹ̀ fún ti àtijọ́ lọ́jọ́ tí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ oníná tún gbé bátìrì ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò lé e, àmọ́ òun máa ń gba díẹ̀ padà nígbà tó bá ń dúró, torí mọ́tò rẹ̀ ń dá iná padà sínú bátìrì.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tí ọkọ̀ mi wọ̀n?

Èsì: Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù ni kí ẹ wá. Ẹ kọ́kọ́ gbé táyà iwájú nìkan sórí rẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀, kí ẹ wá gbé gbogbo ọkọ̀ náà gùn ún. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ti ẹ̀yìn. Ẹ kọ bí epo ṣe pọ̀ tó nínú táǹkì lọ́jọ́ náà, kí ẹ má baà ka epo mọ́ irin nígbà tí ẹ bá padà wá. Iye tí ọkọ̀ pẹ̀lú èrò àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ yọ iye tí ẹ wọ̀n kúrò nínú rẹ̀, ìyókù ni ẹrù tí ẹ lè gbé.