Ẹ má tíì bọwọ́ lùwé yẹn: bí ẹ ṣe lè yẹ ìròyìn EIA wò láti òkè òkun

Ẹ̀gbọ́n wa ní Manchester, mo ka ohun tí ẹ kọ. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wa góòlù lórí ilẹ̀ bàbá yín lẹ́bàá Iléṣà. Wọ́n fi ìròyìn EIA (àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ wọn lè ṣe sí àyíká) ránṣẹ́, wọ́n ní kò sí ẹranko kan tó ṣe pàtàkì nínú odò àti àkùrọ̀ ibẹ̀, àbúrò yín sì ń pè yín lójoojúmọ́ pé kí ẹ bọwọ́ lùwé kí owó gbà-má-bínú lè jáde. Èmi ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná. Ohun tí ẹ nílò báyìí ni àkọsílẹ̀ tiyín nípa bí ibẹ̀ ṣe rí kí katapílà tó dé. Tí wọ́n bá ti hú ilẹ̀ tán, ta ni yóò jẹ́rìí pé ẹja wà níbẹ̀ rí?

Ẹ bi wọ́n léèrè irú ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé àṣẹ ìwádìí, ọdún 3 ni, kò sì fún wọn láyè láti wa góòlù tà. Ti ìwakùsà ńlá ló ń jẹ́ ọdún 25. Mining Cadastre Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó wà ní Àbújá, ló ń fúnni ní ìwé méjèèjì.

Òfin EIA ti 1992 sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó fẹ́ fọ́ òkúta góòlù láti yọ góòlù inú rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò kíkún, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó bá fẹ́ fa omi àbàtà tó tó hẹ́kítà 100 gbẹ. Ìròyìn náà gbọ́dọ̀ wà ní gbangba fún ọjọ́ iṣẹ́ 21. Àtakò tí ẹ bá kọ sílẹ̀ láàárín àsìkò yẹn ló ń wọ fáìlì. Ariwo orí rédíò kì í wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fún yín ní àkékúrú rẹ̀ nìkan, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ òfin FOI ti 2011, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi béèrè.

Bí ìròyìn náà bá dé, ẹ fo ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ẹ wá ojú ewé tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n lọ wo ilẹ̀ náà sí. Bó bá jẹ́ oṣù Èrèlé nìkan, kí ni wọ́n fẹ́ rí? Odò kékeré ti gbẹ, àrọ̀ ti wọnú ẹrẹ̀, àkèré kò ké. Ìgbà òjò ni omi ń kún bo àkùrọ̀, tí ẹja ń wọ inú koríko lọ yé ẹyin. Ìgbà méjèèjì ló yẹ kí wọ́n lọ. Bí wọ́n bá sì to orúkọ ẹranko jọ láìsọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n rí wọn, orí tábìlì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni fífa omi. Kòtò tó bá jìn kọjá ibi tí omi wà nílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa fa á tọ̀sán tòru. Omi abẹ́ ilẹ̀ àyíká á máa ṣàn wá síbẹ̀, àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà wọn á sì gbẹ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí ìròyìn náà kò bá ṣírò èyí, àtakò yín àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ tún bi wọ́n ohun tí wọn yóò ṣe kí ẹyẹ má bàa bà sórí adágún ẹ̀gbin tí sáyánáìdì, májèlé tí wọ́n fi ń yọ góòlù lára òkúta, wà nínú rẹ̀.

Ẹ rán àbúrò yín sí àwọn ọdẹ àti àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀. Níbo ni àgbọ̀nrín ti ń mumi? Níbo ni awọ́nrínwọ́n ń yé sí? Kó gba ohùn wọn sílẹ̀, kó sì ya àwòrán pẹ̀lú lókéṣọ̀n fóònù ní títàn. Ní ti omi, ẹ ní kí onímọ̀ kan láti ẹ̀ka zoology ní OAU, Ifẹ̀, bu ú lókè ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, níbẹ̀ gan-an, àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Kó bu ẹrẹ̀ pẹ̀lú o! Májèlé bí òjé àti mákúrì máa ń rì; omi lè mọ́ lójú kí ìdí rẹ̀ má dáa. Kó yí òkúta inú odò wò pẹ̀lú, nítorí kòkòrò kéékèèké abẹ́ rẹ̀ sábà máa ń kú kí ẹja tó kú.

Ẹ rántí Odò Ọ̀ṣun. Ní 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí èèyàn má mu omi náà. Ilé-iṣẹ́ tó bá dé lọ́la lè ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ẹ ṣí Google Earth, kí ẹ yí ọdún rẹ̀ padà sẹ́yìn, ẹ ó rí ìgbà tí ẹrẹ̀ mú kí omi odò tiyín pọ́n, bó bá pọ́n.

Bí ojúbọ tàbí itẹ́ òkú bá wà níbẹ̀, ẹ sàmì sí i lórí máàpù. Òfin ìwakùsà ti 2007 yọ irú ibẹ̀ sílẹ̀.

Tí àbúrò yín yóò bá ṣojú yín, kí power of attorney, ìwé tí ẹ fi yàn án ṣe aṣojú, sọ pé kó gba ìwé, kó sì gbé omi lọ sí láàbù, kó má sì láṣẹ láti bọwọ́ lu àdéhùn kankan. Ẹ fi ojú ewé tí ọjọ́ wà yẹn ránṣẹ́ síbí, kí a jọ wò ó.