Páswọ̀ọ̀dù Gmail mi ti fò lórí mi

ÌBÉÈRÈ: Sàlámáléékù o, olóòtú. Aṣọ òfì ni mò ń tà l'Ọ́jà-Ọba, n'Ílọrin níbí. Mo ra fóònù tuntun, mi ò rántí páswọ̀ọ̀dù Gmail mi mọ́, síìmù tí mo fi ṣí i gan-an ti sọnù. Bọ̀dá kan ní kí n mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá, òun á bá mi já a. Ṣé kí n fún wọn?

ÌDÁHÙN: Wàláékù sàlámù, Alhaja. Ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀! Fóònù àtijọ́ yẹn ńkọ́? Tó bá ṣì ń tàn, òun ni kẹ́ ẹ lò, torí Google máa ń wo fóònù tó mọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti máa ń lò ó, ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ tan dátà, ẹ lọ sí g.co/recover, tó bá bi yín ní páswọ̀ọ̀dù tẹ́ ẹ rántí kẹ́yìn ẹ ṣáà kọ ọ́, kò dá yín lójú náà ẹ kọ ọ́.

Síìmù ẹ̀wẹ̀, ẹ mú NIN yín dání lọ ṣe welcome back, ẹ tètè lọ o, nọ́ńbà tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ wọ́n lè tà á f'ẹ́lòmíì.

Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ tan 2-Step Verification, ìyẹn ààbò tó máa ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páswọ̀ọ̀dù, kẹ́ ẹ wá gba Backup codes níbẹ̀, Google á fún yín ní kóòdù 10 tẹ́ ẹ lè fi wọlé tí fóònù ò bá sí lọ́wọ́, ẹẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, àmọ́ kì í ṣe ìwé tẹ́ ẹ ń kọ gbèsè oníbàárà sí o, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń ṣí yẹn.